Ilé Ìtọ́jú Orí Táyà: Iṣẹ́ Ìlera Àwọn Obìnrin Alpha Kappa Alpha ní Mississippi, 1935 sí 1942

Nígbà ooru ọdún 1935, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan di ẹrù sínú mọ́tò ara wọn, wọ́n sì kọrí sí ìpínlẹ̀ Mississippi. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tíṣà náà wà níbẹ̀. Holmes County, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, ni wọ́n ń lọ, láti fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì tọ́jú àwọn àgbà tí kò rí dókítà rí. Ètò tí wọ́n mú kúrò nílé kò ṣeé lò nígbà tí wọ́n débẹ̀. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gbé wọn fún ọdún mẹ́jọ, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́, ìbáà ṣe lábẹ́ ìjọ tàbí lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ohun tó bọ́ sí i, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Bí ọmọ Nàìjíríà bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ inú yunifásítì ni, ọkàn rẹ̀ lè lọ sí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Sorority ní Amẹ́ríkà jẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tó ń gba ọmọ ẹgbẹ́ ní yunifásítì, tí ẹni tó bá sì ti wọ̀ ọ́ wà nínú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Alpha Kappa Alpha ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀. Ethel Hedgeman ló ṣíwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Howard University, ní ìlú Washington, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1908.

Títí ọjọ́ alẹ́ yẹn ni iṣẹ́ Mississippi dúró lé. Ọmọ ogún ọdún tó ṣì jókòó ní kíláàsì kò lè gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, kò sì lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ láì ní ẹni tó máa bọ́ ọ. Àwọn tó ti gboyè jáde, tí wọ́n ti di dókítà, nọ́ọ̀sì, tíṣà àti òṣìṣẹ́ àwùjọ, ni wọ́n lọ. Ìsinmi tó tọ́ sí wọn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, láì gba owó oṣù kankan. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè sì ń dá owó oògùn àti ti epo mọ́tò.

Ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ gbé wọn dé ibẹ̀

Ida Louise Jackson ni ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà. Vicksburg, ní Mississippi gan-an, ni wọ́n bí i sí ní 1902, ṣùgbọ́n Oakland ní California ló ti ń ṣe tíṣà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú náà. Nígbà ooru 1934, ó kó àwọn tíṣà ẹgbẹ́ lọ sí Lexington, olú ìlú Holmes County, láti kọ́ àwọn olùkọ́ ìgbèríko ní iṣẹ́ wọn dáadáa. Saints Industrial and Literary School, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Church of God in Christ tí Arenia Mallory ń darí, ló gbà wọ́n lálejò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìwé nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ibà ń gbọ́n àwọn ọmọ lórí àga. Eyín ń dun wọ́n, oúnjẹ kò tó wọn jẹ, dìfitéríà tó máa ń dí ọmọdé lọ́fun sì ń pa wọ́n láti kékeré. Ta ni yóò jókòó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú irú ara bẹ́ẹ̀? Jackson padà pẹ̀lú ìpinnu pé ìlera ló yẹ kó ṣíwájú, ó sì wá ẹni tó lè darí rẹ̀.

Dorothy Boulding Ferebee lẹni náà. Norfolk ní Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1898, ó gboyè dókítà ní yunifásítì Tufts ní 1924, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Washington. Ìyá ìbejì ni. Ní 1929 ó ti dá ilé kan sílẹ̀ ní gúúsù ìlà-oòrùn Washington fún ìrànwọ́ àwọn ìdílé aláìní, nítorí náà ó mọ bí a ṣe ń fi owó kékeré ṣe iṣẹ́ ńlá, ó sì mọ bí a ṣe ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ tí yóò fi gbọ́. Òun ló darí iṣẹ́ Mississippi láti 1935 títí tó fi parí ní 1942, ó sì tún jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ láti 1939 sí 1941.

Ẹni tó ni àkókò àgbẹ̀

Ká tó lè mọ ìdí tí ètò àkọ́kọ́ fi wó, àfi ká mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀. Òwú ni Mississippi ń gbìn. Aláwọ̀ funfun ló ni oko, aláwọ̀ dúdú ló ń ro ó, wọ́n sì ń pín ìkórè. Onílẹ̀ ló ń fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ìbaaka àti oúnjẹ àwìn láti ṣọ́ọ̀bù inú oko. Tí òwú bá ti wọlé, onílẹ̀ kan náà ló máa ṣírò gbèsè. Ọdún tí àgbẹ̀ bá ṣẹ́ kù sí gbèsè, kò gbọdọ̀ kúrò lórí oko. Ẹni tó bá mọ bí ìwọ̀fà ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ yóò tètè lóye rẹ̀, àfi pé ti Mississippi kì í sábà ní ọjọ́ ìràpadà.

Àgbẹ̀ tó wà ní irú ipò yìí kì í ṣe òun ló ni àkókò ara rẹ̀. Onílẹ̀ ló ni í. Èyí ni àwọn obìnrin náà kò kà sí tó nígbà tí wọ́n ń ṣètò ní Washington.

Ètò wọn ni pé àwọn yóò ṣí kílíníìkì sí ojú kan náà ní oríṣiríṣi ibi ní káúntì, kí àwọn èèyàn máa wá bá wọn níbẹ̀. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn olóko kò jẹ́ kí àgbẹ̀ wọn kúrò nínú oko lọ sí kílíníìkì kankan. Ìdí wọn ju ti òwú lọ. Ní oṣù Keje 1934, ọdún kan péré ṣáájú, ni àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ti dá ẹgbẹ́ Southern Tenant Farmers' Union sílẹ̀ ní Tyronza, ní Arkansas tó wà ní òdìkejì odò Mississippi. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń ba àwọn olóko. Àwọn obìnrin dúdú tó kàwé, tí wọ́n wa mọ́tò wá láti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, tí wọ́n fẹ́ kó àgbẹ̀ jọ sí ibì kan, kò lè máà fu wọ́n lára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò àánú ti ń kú nìyẹn. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn, èèyàn díẹ̀ á wá, wọ́n á padà sílé, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọyì ìtọ́jú. Ferebee kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àgbẹ̀ kò bá lè jáde, a jẹ́ pé kílíníìkì ló máa wọlé lọ bá a. Wọ́n kó oògùn, abẹ́rẹ́ àti ohun èlò padà sínú mọ́tò, wọ́n sì ń gba oko dé oko.

Kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wọ oko láì gba àṣẹ olóko. Àṣẹ yẹn ni iṣẹ́ tó le jù, òun náà sì ni àwọn tó ń ka ìtàn yìí máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti jẹ́ kí olóko mọ̀ pé ọmọ tí kò kú, àgbẹ̀ tí ibà kò dá dùbúlẹ̀, èrè oko ni. Ọ̀rọ̀ tó máa ń dunni láti bá ẹni tó ń ni èèyàn lára sọ ni. Síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́, nítorí ọ̀fun ọmọdé ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn tí olóko bá gbà tán, ó ṣì máa ń rán àwọn alábòójútó rẹ̀ lórí ẹṣin pẹ̀lú ìbọn, kí wọ́n dúró gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin náà ń sọ fún àgbẹ̀. Ferebee sọ èyí fúnra rẹ̀ nígbà ogbó rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, eyín, kànga àti ilé ìgbẹ́ nìkan ló gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá mẹ́nu kan iye tí wọ́n ń ra òwú yóò ti ilẹ̀kùn oko náà mọ́ gbogbo àwọn tó kù.

Bí mọ́tò ṣe ń di ilé ìtọ́jú

Láti Washington dé Mississippi tó bíi kìlómítà 1,500. Òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sùn ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ tó bá wù ú lójú ọ̀nà. Àfi kí èèyàn mọ ilé ẹni tó máa wọ̀ sí kó tó gbéra. Ibí ni jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sanwó ara rẹ̀, nítorí obìnrin tó bá ti wọ ẹgbẹ́ yìí kì í ṣàìní arábìnrin ní ìlú tó bá dé.

Tí wọ́n bá dé oko, wọn kì í bá ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ onípákó, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí abẹ́ igi ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ pín: àwọn tíṣà ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ohun tó ń ṣe oníkálukú, nọ́ọ̀sì ń wọn ara wò, ó sì ń gúnni lábẹ́rẹ́, dókítà ń yẹ ara wò, ẹlòmíràn sì ń fi oúnjẹ àti ìmọ́tótó han àwọn ìyá tó ń dúró. Ẹ má fojú kéré àwọn tíṣà yẹn. Dókítà kan lè yẹ ọ̀pọ̀ èèyàn wò lóòjọ́ bí ẹlòmíràn bá ń bá a kọ̀wé, tó sì ń to èèyàn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń kọ orúkọ, iye náà á wálẹ̀ sí ìdajì.

Abẹ́rẹ́ ṣọ̀pọ̀nná ni ká wò dáadáa, torí ó fi han ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ orí táyà. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ́ni nígbà náà rí báyìí. Oògùn náà wà nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín. Wọ́n á fọ apá ọmọ, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á kán oògùn ẹ̀kán kan sí i. Abẹ́rẹ́ kò ní dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí lójú ara, wọ́n á fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ inú ẹ̀kán oògùn yẹn kíákíá láti ìgbà 10 sí 30, ní ojú ibi tí kò ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Tí ó bá jáde, a jẹ́ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù. Wọ́n á nu èyí tó kù kúrò, wọn kò ní dì í. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ibẹ̀ gbọdọ̀ wú kó sì ní omi nínú. Tí ara ọmọ tí kò gba àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná rí kò bá fèsì rárá, kì í ṣe pé ọmọ náà lágbára. Oògùn ló ti kú tàbí ọwọ́ ẹni tó gún un ni kò mú un wọlé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Kí ló ń pa oògùn? Ooru ni. Oògùn ṣọ̀pọ̀nná ìgbà yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín láti ilé iṣẹ́ dé apá ọmọ, bẹ́ẹ̀ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ní Mississippi máa ń gbóná bí inú ààrò. Mọ́tò tí wọ́n bá gbé sí oòrùn fún wákàtí kan lè sọ oògùn odindi ọjọ́ di omi lásán, ojú kò sì lè fi mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣètò irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti rí yìnyín lójú ọ̀nà kó tó mọ iye ọmọ tí yóò tọ́jú. Ó tún gbọ́dọ̀ padà sí oko kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti wo apá wọn. Tí kò bá padà, kò mọ̀ bóyá ó ṣe nǹkan kan.

Ti dìfitéríà ní wàhálà tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ gidi tó ń wọ abẹ́ awọ ni, kò sì sí abẹ́rẹ́ àlòdànù nígbà náà. Sírínjì gíláàsì ni wọ́n ń lò, abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n ń sè lórí sítóòfù kí wọ́n tó tún un lò. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: bí abẹ́rẹ́ 25 bá wà lọ́wọ́, tí ọmọ 100 sì tò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gba ara ọmọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sè é láàárín. Ẹni tó bá ń kánjú níbí yóò gbé àrùn láti ara ọmọ kan sí ara òmíràn. Oògùn dìfitéríà ìgbà náà tí wọn kò fi nǹkan kan kún gba abẹ́rẹ́ méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín. Èyí tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù, iyọ̀ kan tó ń mú àjẹsára lágbára sí i, ṣe kò gba tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wọn kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lọ́dún kan, nítorí náà irú oògùn tí ó bá wà lọ́wọ́ ló ń pinnu bóyá ọmọ yóò gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìdajì.

Wíwọ inú oko tún ṣe àǹfààní kan tí ètò àkọ́kọ́ kò lè ṣe. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni dìfitéríà ń pa jù, wọn kò sì tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kílíníìkì inú ilé ẹ̀kọ́ ìlú á gún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, á sì fi wọ́n sílẹ̀. Nínú oko, ìyá ń gbé ọmọ pọ̀n wá, ó sì fa èyí tó ń rìn lọ́wọ́.

Àrùn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó, àti èyí tí kò tó

Lójú tiwa, ìdáhùn sí ohun tó mú iṣẹ́ náà yọrí wà níbí, ibẹ̀ náà la sì ti lè rí ibi tó kù sí. Àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná parí lẹ́ẹ̀kan. Eyín tó ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, ìrora á tán lọ́jọ́ náà. Àárọ̀ ló dára kí wọ́n máa yọ eyín, kí ẹni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lè padà wá kí mọ́tò tó lọ. Irú ìtọ́jú wọ̀nyí bá iṣẹ́ alárìnká mu.

Ibà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí Dókítà Bass, onímọ̀ nípa ibà, fi lélẹ̀ lẹ́yìn tó ṣèwádìí ní Bolivar àti Sunflower County, ní Mississippi kan náà, ni pé kí àgbàlagbà lo kuiníìnì bíi miligírámù 650 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó wá máa lo ẹyọ kan ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gùn ju gbogbo àkókò tí àwọn obìnrin náà ní lọ. Wọ́n lè fi oògùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kuiníìnì korò, etí á máa hó, ara á sì ti yá lọ́jọ́ kẹrin. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa jáwọ́. Láìsí nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, ẹ̀fọn inú àbàtà Delta, ilẹ̀ etí odò Mississippi, á tún gún wọn lọ́la.

Ti sífílíìsì, àrùn ìbálòpọ̀ kan, ló burú jù. Kí pẹnisilíìnì tó dé, oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan àti bísímọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gún sí ìdí ni wọ́n ń lò, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún kan àti ààbọ̀. Kò sí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè gbà parí rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí wọ́n mọ ẹni tó ní in, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí ẹ̀ka ìlera ìjọba sì máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí Ferebee kò fi bá ìjọba ìpínlẹ̀ jà. Dókítà Felix Underwood, tó jẹ́ olórí ìlera Mississippi, fara mọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ rántí pé lásìkò kan náà, ní Macon County ní Alabama tó bá Mississippi pààlà, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ti ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní sífílíìsì láti 1932 láì tọ́jú wọn, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di 1972. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń náwó ara wọn láti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ nígbà tí àwọn tí ìlú ń sanwó fún ń dúró wo bí àìsàn ṣe ń jẹ èèyàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn kan láì mẹ́nu ba ìkejì.

Pẹ̀lágírà ni ìkẹta. Ara á máa bó, ìgbẹ́ gbuuru á dé, orí á dàrú, ikú á sì tẹ̀ lé e. Joseph Goldberger ti fi hàn ní 1915, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n oko Rankin ní Mississippi yìí kan náà, pé oúnjẹ ló ń fà á: kìkì àgbàdo, oyin ìrèké àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran pupa, wàrà, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló ń wò ó. Àwọn obìnrin náà ń fi oúnjẹ tó yẹ han àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n ibo ni ìyá ti máa rí ẹyin? Ọ̀pọ̀ olóko ló ń gbin òwú dé ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀, tí kò fi àyè ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀, torí ohun tí àgbẹ̀ bá gbìn fúnra rẹ̀ kò ní wá rà á láwìn ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibí ni ojú wọn ti là. Nínú àwọn ìròyìn àkọ́kọ́, àìmọ̀kan àti àìmọ́tótó àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń tẹnu mọ́, bí ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá ṣe máa ń rí ará oko. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìròyìn wọn yí padà: owó iṣẹ́, ilé tó ń jò, omi tí kò dára àti gbèsè ni wọ́n wá ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orísun àìsàn. Ẹni tó bá padà sí oko kan náà lọ́dọọdún, tó rí ọmọ tí òun ti gba ìyá rẹ̀ níyànjú lórí ẹyin àti wàrà, tí ọmọ náà sì ṣì gbẹ bíi ti èṣí, kò lè máa sọ pé àìmọ̀kan ló ń pa á.

Bolivar, ìwé àti òpin rẹ̀

Nígbà tó yá, wọ́n kó iṣẹ́ lọ sí Bolivar County, wọ́n sì fi Mound Bayou ṣe ibùdó. Ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ fúnra wọn ní 1887 lábẹ́ Isaiah Montgomery ni, àwọn ló sì ń ṣe ìjọba rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: ibi tí wọ́n á sùn láìfòyà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí olóko tó lè tì í, àti àwọn aṣíwájú tó ń ránṣẹ́ síwájú kí mọ́tò tó dé. Àwọn oko tó yí ìlú náà ká ṣì ní olóko tiwọn, nítorí náà kílíníìkì orí táyà kò dáwọ́ dúró.

Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ń tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n ń kọ iye èèyàn tí wọ́n rí, irú àìsàn, irú abẹ́rẹ́ àti ohun tí wọn kò lè ṣe. Kò sí ohun tó dùn nínú ìwé kíkọ lábẹ́ igi nínú ooru, ṣùgbọ́n ìwé yẹn ni wọ́n fi ń béèrè owó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ àti oògùn lọ́wọ́ ìjọba. Àròpọ̀ tí àwọn òpìtàn ń lò ni pé ó lé ní 15,000 ọmọdé tó gba àjẹsára láàárín ọdún mẹ́jọ náà, yàtọ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbàlagbà tí wọ́n tọ́jú eyín, ibà àti àrùn ìbálòpọ̀ fún.

Ogun ló dá a dúró. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1942 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fi ìwọ̀n pín táyà, epo bẹntiróòlù sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí táyà ló dúró lé kò lè la ìyẹn já. Ooru 1942 ni wọ́n lọ kẹ́yìn. Wọn kò fi kílíníìkì sílẹ̀ ní oko kankan, wọn kò sì fi nọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ tó ń gbowó oṣù. Àléébù gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Ní Mound Bayou, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ṣí Taborian Hospital ní ọdún 1942 yẹn, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ Knights and Daughters of Tabor tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún ìtọ́jú ara wọn. Ìyẹn ní ilé, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó sì wà níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá bó ṣe wà ní oṣù Keje.

Ohun tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ mú kúrò ní Mississippi gba Washington lọ. Ní 1938, Norma Boyd, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lọ: lórí owó iṣẹ́, ilé gbígbé, ẹ̀tọ́ ìdìbò àti òfin tó lòdì sí pípa èèyàn láìgbẹ́jọ́. Fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ méjèèjì ń lọ pọ̀, abẹ́rẹ́ nínú oko nígbà ooru, ẹjọ́ rírò lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin ní ìyókù ọdún. Ọ́fíìsì náà kò bá mọ́tò dúró ní 1942. Ó ń bá iṣẹ́ lọ títí di 1948, nígbà tí ẹgbẹ́ náà àti àwọn ẹgbẹ́ yunifásítì aláwọ̀ dúdú mìíràn para pọ̀ dá American Council on Human Rights sílẹ̀.